Ojú Tí Bàbá Àgbà Yá Lọ́wọ́ Mi

Ojú òkú bàbá àgbà mi kọ̀, kò pa dé. Àwọn àgbà mẹ́ta tó wá wẹ òkú nílé wa ní Dippa Kunda, lẹ́bàá Banjul, fi ọwọ́ pa á dé, ó ṣí. Wọ́n ki aṣọ bọ omi gbígbóná, wọ́n gbé e lé e, ó tún ṣí. Kò là tán, kò sì pa dé tán. Ìdajì ni, ó ń wolẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tó sùn sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ pe ọmọ yẹn wá." Èmi lọmọ yẹn. Mo wọlé, mo wò ó, mo sì mọ ojú náà. Mo ti rí i rí lára igi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tèmi ni.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá Àgbà jẹ́. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ka ìyẹn níbi ìsìnkú: ọdún tí wọ́n bí wọn, ọdún tí wọ́n wọ Banjul nígbà tó ṣì ń jẹ́ Bathurst, iye ìjókòó tí wọ́n kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn, ó sì gùn. Àmọ́ Bàbá Àgbà tí mo mọ̀ kò sí nínú ìwé yẹn rárá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, ọmọ Ọ̀wọ̀. Kí wọ́n tó fi ayùn kan igi kankan, wọ́n á kọ́kọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé etí lé e. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n ń gbọ́.

Wọ́n ní, "Mo ń wò ó bóyá ẹnì kan wà nílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ igi ló ṣófo, ìyẹn ló fi rọrùn láti sọ wọ́n di tábìlì.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n kan àga, wọ́n kan pósí. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í ṣe ni ojú. Ọkùnrin olówó kan wá láti Westfield, ó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí apá àga rẹ̀. Bàbá Àgbà gbé àga náà padà fún un láìparí, wọ́n ní kó lọ wá ẹlòmíràn. Ó bínú, ó ní ṣé kìnnìún náà tún lẹ́ṣẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Alhaji, ojú kì í ṣe ohun téèyàn ń jókòó tì."

Ó nídìí. Ìdílé tó ń gbẹ́ àkó ni wọ́n ti jáde. Ní Ọ̀wọ̀, bí àgbà pàtàkì bá kú, tí wọ́n ti sin ín tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ tí agbára wọn ká a lè ṣe àkó fún un. Wọ́n á ní kí wọ́n gbẹ́ ère tó ga tó òun alára, tó jọ ọ́ débi tí ẹ̀rù á fi bani. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ tó dára jù, wọ́n á gbé e jókòó síta kí gbogbo ìlú wá kí i. Tó bá ti gba ìkíni tó, wọ́n á sin ín bí ẹni sin èèyàn. Ọmọ ní í ṣe é fún òbí. Òbí kì í ṣe é fún ọmọ.

Nílé tiwọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ náà. Agbẹ́gilére kò lè lọ hú òkú kó wo ojú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n á wá ọmọ tó jọ olóògbé jù, wọ́n á gbé e jókòó, wọ́n á yá ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí irin bá ti kan igi, ọmọ náà kò gbọdọ̀ wo dígí mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé ère lọ. Bàbá Àgbà ní, "Ojú kan kì í wà níbi méjì. Ẹni tó yá a gbọ́dọ̀ dá a padà."

Wọ́n gbọ́njú, wọ́n gba Jésù, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì wá sí Banjul, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní bi wọ́n nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò.

Ìjà méjì ló wà nínú ilé wa, àtàárọ̀ dalẹ́, bí mo ṣe ń dàgbà. Èkínní lórí orúkọ mi, èkejì lórí àwo oúnjẹ. Ìdí kan náà ló wà fún méjèèjì.

Bàbá mi, Délé, nìkan ni Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà bí. Oyún mi pé oṣù méje nígbà tí bàbá mi wọ ọkọ̀ apẹja kékeré kan, wọ́n ń sọdá sí Barra ní òdìkejì odò. Ọkọ̀ náà dojú dé. Àwọn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí òkú mẹ́rin. Wọn ò rí ti bàbá mi títí di òní. Fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá mi ní bá àpò tí wọ́n gbé dání lọ. Ìyá mi bí mi, wọ́n tọ́jú mi dé ọdún méjì, wọ́n padà sí Èkó, wọ́n sì lọ́kọ míràn. Mi ò bá wọn jà. Ọmọdé ni àwọn náà.

Bàbá Àgbà sọ mí ní Babárímisá, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá Àgbà gbá orúkọ náà dànù lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Ta ló sá? Bàbá rẹ̀ ò tíì rí i. Ìrètí lorúkọ rẹ̀." Bó ṣe di pé orúkọ méjì ni mò ń jẹ́ nílé kan ṣoṣo nìyẹn. Bí Bàbá Àgbà bá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Rímisá!" Ìyá Àgbà á dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ìrètí, jókòó jẹ́ẹ́!" Èmi á dúró ní àárín méjì, mi ò ní mọ èyí tí màá dá lóhùn.

Àwo oúnjẹ ló burú jù. Lójoojúmọ́, bó bá ti di ọ̀sán, Ìyá Àgbà á bu ìrẹsì àti dọ̀mọdá, ọbẹ̀ ẹ̀pà tí gbogbo Banjul ń jẹ, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sódò. Ti Délé nìyẹn. Lálẹ́, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Kò sí ewúrẹ́ tó sanra tó tiwa ládùúgbò. Wọn ò sì fi ẹja se ọbẹ̀ nílé wa rí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dojú dé, ní Banjul tí omi yí ká, nítorí Ìyá Àgbà kò mọ ohun tí ẹja ti jẹ.

Mo gbọ́ nígbà tí Bàbá Àgbà sọ pé, "Ìyá Délé, ẹni tí kò lè jẹun mọ́ lò ń bu oúnjẹ fún."

Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ín, Bàbá Délé, níbo ni sàréè rẹ̀ wà?"

Bàbá Àgbà dìde. Wọ́n jáde lọ bá igi wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé bí ẹni tó wà nínú omi ò bá sinmi, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà ò ní sinmi. Wọ́n ní, "Rímisá, mi ò fẹ́ kú kí n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ báyìí."

Ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn nígbà tí àwọn onírẹsì dé.

Àwọn kan wá láti ilẹ̀ Ṣáínà nígbà náà, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì lábàtà. Wọ́n ní ọgbà kan ní ìhà Kanifing. Àgbà wọn, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Onírẹsì, rìn wọ ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé nǹkan kan sínú aṣọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó tú u. Ère kékeré kan ni, Búdà tí wọ́n ń bọlá fún nílẹ̀ wọn, tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ àti orí rẹ̀, ojú ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn fẹ́ èyí tó tóbi, tó ga tó èèyàn tó jókòó, tí wọ́n máa gbé síta lọ́jọ́ ayẹyẹ wọn kí gbogbo aládùúgbò wá wò ó. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Bàbá Àgbà náà ń sọ díẹ̀, wọ́n pàdé láàárín.

Mo rò pé Bàbá Àgbà á lé e bí wọ́n ṣe lé Alhaji oníkìnnìún. Wọn ò lé e. Wọ́n gbé ère tí kò lójú náà lé itan, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

Wọ́n bi í pé, "Ta ló jọ?"

Bàbá Onírẹsì ní kò jọ ẹnì kankan. Kí ojú ṣáà tutù, kó máa wolẹ̀, kó má bínú.

Bàbá Àgbà mi orí. "Ère tí kò jọ ẹnì kan, igi ni." Àmọ́ wọ́n gbà á.

Igi ọ̀gánwó ńlá kan dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbé etí lé e. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé orí kúrò, òógùn ti bo iwájú orí wọn, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n wọ inú ilé lọ, wọ́n yọ dígí kan ṣoṣo tó wà lára ògiri wa, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé.

Mo jọ bàbá mi bí ẹni pé wọ́n pọ̀ mí sílẹ̀ ni. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Nítorí náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, Bàbá Àgbà á mú mi jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Wolẹ̀." Màá wolẹ̀. Wọ́n á fi òwú wọn ojú mi, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, láti etí dé etí, wọ́n á ta kókó sí i. Wọ́n á wá yí sí igi. Mi ò gbọdọ̀ gbójú sókè. Irin wọn nìkan ni mò ń gbọ́, àti èémí wọn.

Ẹ lè pè mí lónírọ́. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Èérún igi tó ń já bọ́ sẹ́sẹ̀ mi tutù. Mo mú ọ̀kan, mo gbọ́ òórùn rẹ̀: òórùn odò ni, iyọ̀ àti ẹrẹ̀. Mo ní, "Bàbá Àgbà, igi tútù lẹ fi ń ṣe é?" Wọ́n ní igi náà ti gbẹ láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n kó èérún náà sínú àpò, wọn ò jẹ́ kí Ìyá Àgbà fi dáná. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi sánpépà dán ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ń yún mi títí mo fi sunkún. Bàbá Àgbà dúró. Wọ́n fi ọwọ́ tútù bo ojú mi. Wọ́n ní, "Má bínú. Ó ku díẹ̀."

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan gbọ́, ó wá bá wọn wí. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ti ń gbẹ́ òrìṣà. Bàbá Àgbà ní, "Alàgbà, ìjókòó tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ìwàásù, ọwọ́ yìí náà ló gbẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí i kẹ́ ẹ bọ ọ́." Ọkùnrin náà lọ, kò gba omi tí a fún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá ojú náà mọ̀ ni Tanti Mati, àgbà obìnrin Aku, àwọn tó ń sọ àdàlú Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé wọn fara ti tiwa. Wọ́n wá yá òòlù. Wọ́n rí ère náà tó jókòó lórí ẹsẹ̀ kíká, ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, wọ́n sì pariwo pé ojú Délé ni.

"Papa! Na Dele dis! Na in fes! Wetin yu don do?"

Bàbá Àgbà ní, "Duya, Mati, no tel in mama." Wọ́n bẹ̀ wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ pé kí wọ́n má sọ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kì í wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ti búra láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti kan pósí fún àwọn mẹ́rin tí wọ́n rí.

Bàbá Onírẹsì wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó wo ère, ó wò mí lórí àpótí, ó tún wo ère. Àṣìṣe tí ọmọ Ọ̀wọ̀ nìkan lè ṣe ni Bàbá Àgbà ṣe: wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ Búdà, àkó ni wọ́n gbẹ́. Bí ọkùnrin yìí bá kọ̀ ọ́, iná ló kù tí yóò jẹ ẹ́.

Ó bèèrè pé, "Ta ni?"

Bàbá Àgbà ní, "Ọmọ mi. Omi gbé e lọ."

"Ṣé ó ń bínú?"

Bàbá Àgbà ronú sí i. "Rárá. Ó kàn ń dúró ni."

Bàbá Onírẹsì tẹrí ba fún ère náà títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó ní kí Bàbá Àgbà má fi ẹyin ojú sí i. Àwọn fúnra àwọn ló ń la ojú rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá jáde síta. Inú Bàbá Àgbà dùn. Wọ́n sọ fún mi pé, "Ìyẹn mọ iṣẹ́."

Kó tó di ọjọ́ náà, mo dẹ́ṣẹ̀ kan. Mo wà nílé Tanti Mati, wọ́n ń di irun mi, dígí kékeré kan wà lórí tábìlì. Ó ti lé lóṣù méjì tí mi ò rí ojú mi. Mo gbé e, mo wò ó gan-an, tojú tojú. Ojú mi ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo jù ú sílẹ̀, ó fọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Bàbá Àgbà náà ò sì bi mí, àmọ́ lọ́jọ́ kejì wọ́n ní, "Má tún wá a kiri. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n gbé ère náà sábẹ́ ìbòji kan nínú ọgbà wọn ní Kanifing, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó. Gbogbo èèyàn ló wá, àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Westfield, àwọn àgbẹ̀, àwọn obìnrin Wolof tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Àwọn Alhaji ka ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń sọ "Astaghfirullah", wọn ò sì gbójú kúrò. Iwájú ère náà kún fún ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi tọrẹ.

Wọ́n ṣí aṣọ. Bàbá Onírẹsì mú búrọ́ọ̀ṣì tínrín kan àti dígí kan. Kò dojú kọ ère náà. Ó kẹ̀yìn sí i, ó gbé dígí sókè, ó ń wo ojú ère nínú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi ọ̀dà kun ẹyin ojú náà. Bàbá Àgbà sọ sí mi létí pé ìwò àkọ́kọ́ ère wúwo, kò yẹ kó bọ́ sára alààyè. Dígí ló ń gbà á. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ó dùn mí. Ọ̀dà kan apá òsì. Ọ̀dà kan apá ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ kan ti ìhà odò fẹ́ wá, ó tutù, òórùn èérún igi yẹn ló ń mú bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ pé, "Ndeysaan, ndeysaan," bí wọ́n ṣe ń káàánú èèyàn lédè wọn. Mo wẹ̀yìn. Ìyá Àgbà ló ń bọ̀, àwo oúnjẹ wà lórí wọn. Tanti Mati tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń wí fún Bàbá Àgbà láti òkèèrè pé, "Papa, a no ebul hol am." Ẹnu wọn kò lè gbé e mọ́.

Bàbá Àgbà dìde. Mi ò rí ẹ̀rù lójú wọn rí àfi ọjọ́ náà. Bí Ìyá Àgbà bá rò pé Délé ti dé ńkọ́? Ta ni yóò gbé wọn kúrò níwájú igi yìí láé?

Ìyá Àgbà dúró níwájú ère. Wọ́n wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n sọ àwo kalẹ̀. Bàbá Onírẹsì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó fi í sáàárín àwọn ọrẹ yòókù, bí ẹni pé òun ló ti ń retí rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn ò sunkún. Èrò ń wá, èrò ń lọ. Oòrùn yí. Wọ́n jókòó níbẹ̀ títí ó fi di ìrọ̀lẹ́, ojú ère náà sì ń wo ibi tí wọ́n jókòó sí gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́, wọ́n ṣí àwo. Ohunkóhun ò dín níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Délé, mo gbé e wá. O ò jẹ ẹ́." Ohùn wọn ò gbọ̀n. "Kò burú. Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ."

Bàbá Àgbà fi fìlà bo ojú, èjìká wọn ń mì. Ìyá Àgbà gbé àwo wọn, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Rímisá, ká relé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀. A dé ilé, èmi àti wọn jẹ ìrẹsì tútù náà tán. Lọ́jọ́ kejì kò sí àwo lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ wa dúró níbẹ̀, ó ń ké, ó ń ké, ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọdún mẹ́ta ni ère náà fi jókòó ní Kanifing, ọdún mẹ́ta ni mi ò fi wo dígí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fi yọ́ ọ wò. Ẹ lọ bi dígí Tanti Mati. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba dàrú láàárín ilẹ̀ wọn àti tiwa, àwọn onírẹsì di ẹrù wọn. Bàbá Àgbà fúnra wọn ló kan àpótí tí wọ́n gbé ère náà sí. Èmi, àwọn, àti Ìyá Àgbà lọ sí èbúté. Kí wọ́n tó gbé e sókè, Bàbá Àgbà kan àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbé etí lé e.

Mo ní, "Kí lẹ gbọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Ilé ti ṣófo." Nígbà tí ọkọ̀ náà sì ti kéré lójú omi, wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Ìyá Délé, ẹni tó bá dágbére kó tó lọ, kò sọnù."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú dígí kúrò nínú aṣọ, wọ́n gbé e padà sára ògiri, wọ́n fà mí síwájú rẹ̀. Mo di ojú mi. Wọ́n ní, "Wò ó. Mo ti dá a padà." Mo là á. Ọmọbìnrin gíga kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń wò mí tààrà. Bàbá Àgbà ní, "Ó dàgbà díẹ̀ lẹ́nu ìrìn àjò. Má bínú."

Ìyá Àgbà lọ ní ọdún méjì ṣáájú Bàbá Àgbà, nínú oorun, pẹ́lú ẹja yíyan nínú ìkòkò. Bàbá Àgbà ò gbẹ́ ojú mọ́ láti ọjọ́ tí ère náà lọ. Tí wọ́n bá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, ojú wọn á wolẹ̀, ìdajì, bíi ti igi yẹn. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ìwò ère náà ṣì wà lójú wọn.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà mẹ́ta pè mí wọlé, mo mọ ohun tó yẹ. Mo lọ sí yàrá, mo yọ dígí náà lára ògiri. Mo kẹ̀yìn sí Bàbá Àgbà, mo gbé dígí sókè lórí èjìká mi títí mo fi rí wọn nínú rẹ̀. Ojú wọn gbé díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó bọ́ sínú dígí. A wo ara wa, ó pẹ́ tó àdúrà kan. Nígbà tí mo yíjú sí wọn, ojú wọn ti pa dé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà jáde, kò padà wọlé.

Ó yẹ kí n dágbére fún wọn. Gbogbo èèyàn ń dágbére. Mi ò dágbére. Mo fi aṣọ bo dígí, mo gbé e kọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni, lọ́sàn-án gbogbo ni mò ń bu oúnjẹ Bàbá Àgbà, tí mò ń dé e, tí mò ń gbé e sórí àpótí wọn.

Ogójì ọjọ́ pé lónìí. Mo ká aṣọ kúrò lára dígí, ojú mi ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo kan igi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé etí lé e, mo dẹtí gidigidi. Ilé ti ṣófo. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá." Mo sunkún mi tó. Mo wá lọ sí ilé ìdáná, mo bu oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo, tèmi.